Báwo lẹ ṣe ń kọ́ ìtàn Ìlọrin ní kíláàsì tó jẹ́ pé ọmọ gbogbo ilé ló jókòó síbẹ̀?

Tíṣà Òkè-Odò · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Social Studies ni mo kà, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan níhìn-ín ní Ìlọrin ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. JSS 2 ni mo ní. Ní táàmù yìí, pírínsípà ní kí n fi Ìtàn kún Sífíìkì (Civic Education) tó wà lọ́wọ́ mi, torí a ò ní olùkọ́ Ìtàn. Gbogbo rẹ̀ ń lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀ títí a fi dé ibi tí Ìlọrin ti di ìlú Ẹ́míà. Ọmọ kan ní, "Àfọ̀njá ló ni ìlú, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni." Ọmọ Fúlàní tó jókòó síwájú rẹ̀ yí ọrùn padà, ó ní, "Bàbá yín ló ránṣẹ́ pe àwọn bàbá wa. Ẹ pè wá tán, ẹ tún ní ká má jókòó?" Kíláàsì pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ Núpé tó wà lẹ́yìn ń fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé bírò, kí wọ́n kọ nóòtì.

Ọjọ́ kejì ni bàbá ọ̀kan nínú wọn dé ọ́fíìsì. Ó ní wọ́n ń kọ́ ọmọ òun pé àlejò ni ní ìlú tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Pírínsípà wá ní kí n fo ibẹ̀, kí n bọ́ sórí Lugard.

Ṣé kí n fò ó ni? Bí n kò bá fò ó, báwo ni kí n ṣe mú un? Kò sì tán síbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi: ìbò, owó káńsù, àwọn ajínigbé. N kò mọ ibi tó yẹ kí n dúró.

Ìyá Khadijah · 8:31 alẹ́

Àbúrò, fò ó. Ohun tó wà nínú sikíìmù ni kí o kọ́ wọn, kí o gba owó oṣù rẹ, kí o máa lọ sílé. Àwọn tó máa sọ fún ẹ níbí pé kí o má fò ó, kò sí ẹni tó máa bá ẹ dáhùn kúẹ́rì nínú wọn.

Àkànní Ọ̀fà · 8:52 alẹ́

Ìyá Khadijah, ẹ má bínú, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló sọ wá di báyìí. Láti 2009 ni wọ́n ti yọ Ìtàn kúrò nílé ìwé pátápátá, àwọn ọmọ ò mọ ohunkóhun mọ́. Bí olùkọ́ bá sá fún un, TikTok ni yóò kọ́ wọn. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ nípa Ìlọrin, ẹ ó rí èébú tí kò sí nínú ìwé kankan.

Òtítọ́ ni kí o sọ fún wọn, Tíṣà. Àfọ̀njá ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó kẹ̀yìn sí Aláàfin, ó pe Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí tó jẹ́ Fúlàní, pé kó wá fi àdúrà ran òun lọ́wọ́, wọ́n sì pa á ní 1817. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí òtítọ́ bá ń dùn, kí ó lọ lo oògùn. Àwa ní Ọ̀fà náà, Ìlọrin bá wa jagun, a ò sì dákẹ́ ẹ̀.

Bàbá Tíṣà (Ọ̀mù-Àrán) · 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ Ìtàn ni mo fi jẹun.

Àkànní, jẹ́ kí n tún ibi méjì ṣe. Àkọ́kọ́, wọn kò yọ Ìtàn kúrò pátápátá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ni wọ́n ti yọ ọ́. Ní SSS ó ṣì wà nígbà náà fún ẹni tó bá fẹ́ mú un, WAEC sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí láti kékeré, báwo ni yóò ṣe mú un? Ìyẹn ló fà á tí olùkọ́ Ìtàn fi wọ́n báyìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2022 pé Ìtàn ti padà sí JSS, àwọn tó yẹ kó kọ́ ọ ti di ẹni tó ń ta ọjà.

Èkejì, 1817 kọ́ ni Àfọ̀njá kú. Nǹkan bí ọdún yẹn ni ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ́ sílẹ̀, tí Àfọ̀njá fi wọ́n kún ọmọ ogun rẹ̀. Ikú rẹ̀ di nǹkan bí 1824.

Ìyàtọ̀ ọdún yẹn wúlò fún ẹ, Tíṣà. Bi àwọn ọmọ pé: nígbà tí Àfọ̀njá ṣubú, ṣé Àlímì wà láàyè? Bí wọ́n bá ka Samuel Johnson, wọ́n á rí i pé ó wà láàyè, pé ẹ̀yìn ogun tó tẹ̀ lé e ló tó kú, tí Abdulsalami ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ àgbà Ìlọrin, wọ́n á ní Àlímì ti kú, Abdulsalami ló bá Àfọ̀njá jà. Kọ méjèèjì sójú pátákó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Má sọ èyí tó tọ́. Bi wọ́n pé ta ló kọ èyí, ibo ló jókòó sí, lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ? Johnson jẹ́ àlùfáà ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́. Ó wà lára àwọn tó ń rìn sí ọ̀rọ̀ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, àmọ́ 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣírò rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1824, ẹni tó kọ ọ́ kò tíì sí láyé nígbà náà. Ọ̀yọ́ tí Ìlọrin bá jagun ni ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo bá ṣe é báyìí, ìjà ọmọ sí ọmọ máa ń yí padà di ìjà ìwé sí ìwé. Ọmọ Fúlàní lè gbèjà Johnson, ọmọ Yorùbá lè tako ó. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Sùbáírù Pákátà · 10:05 alẹ́

Àlàyé Bàbá Tíṣà dára, mo kí wọn. Àmọ́ èmi ọmọ Ìlọrin, ohun kan ń bí mi nínú nípa bí gbogbo yín ṣe ń sọ ọ́. "Fúlàní àti Yorùbá" ni gbogbo yín ń sọ, bí ẹni pé agbo méjì péré ni Ìlọrin. Balógun mẹ́rin la ní: Balógun Fúlàní, Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Àjíkobì, Balógun Alánamú. Yorùbá ni Àjíkobì àti Alánamú. Mágàjí Ààrẹ tó wà títí dòní, ìran Àfọ̀njá ni. Ẹ fi Núpé, Bàrùbá àti Kànúrí kún un. Bí o bá ní kí ọmọ ya àwòrán àdúgbò Ìlọrin, kó kọ orúkọ Balógun tó ni apá kọ̀ọ̀kan sí i, ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé "wọ́n" àti "wa" tó ń sọ yẹn ti wọnú ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo Fúlàní ní kíláàsì yẹn, Yorùbá ni wọ́n ń fi bú ara wọn, ìyá wọn ò sì gbọ́ Fúlàní.

Ohun kejì: àwọn àlùfáà wa kọ ìtàn Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá nígbà tí wọn ò tíì tẹ ìwé Johnson jáde. Ọ̀kan wà tí wọ́n parí ní 1912. Kí wọ́n yé fi Johnson ṣe baba ìtàn wa.

Oríkì náà wà ńlẹ̀. "Ìlú tó tóbi tó yìí, wọn ò léegún, ẹṣin leégún ilé, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀." Bi ọmọ pé kí ni oríkì yìí sọ nípa ogun? Yóò ní ẹṣin ni wọ́n fi ń jà. Bi í pé kí ló sọ nípa ẹ̀sìn? Mo ṣe é rí ní ilé kéú tí mo ti ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní eégún wà ní ilé ìyá ìyá òun o. Ariwo sọ. Mo ní kó jókòó, kó lọ bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè, kó wá sọ fún wa. Ó mú orúkọ eégún náà wá, mo sì fi í sílẹ̀ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n bá oríkì jà.

Àkànní Ọ̀fà · 10:19 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣé, mo gbọ́ ti ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n Sùbáírù, "ti wọnú ara wọn" yẹn dùn-ún gbọ́ fún ẹni tó wà lókè. Ọba tí wọ́n pa ní Ọ̀fà ńkọ́? Ẹ̀yin ń fẹ́ kí ọmọ ya àwòrán, àwa ń fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe fún wa.

Sùbáírù Pákátà · 10:24 alẹ́

Kí wọ́n mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n mọ ogun Jálumi náà ní 1878, nígbà tí Ìbàdàn fẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun wa balẹ̀ nítòsí Ìkìrun. A jẹ́ ẹ níbẹ̀, a ò sunkún. Kí wọ́n sì mọ oṣù kejì ọdún 1897, nígbà tí Goldie àti àwọn Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ ìṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dé pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó béèrè bóyá Àjíkobì ni ọ́ tàbí Gàm̀bàrí.

Ọmọ Èsìẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n gbé e gba ibòmíràn. Èmi kì í fi ogun bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í jà sí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń wá ìdí nǹkan, kí n tó mú wọn dé ibi tó gbóná.

Àwọn ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó mú àdá dání, àwọn tó ń lo ohun èlò orin. Mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ohun tí ọmọ máa ń kà nínú ìwé ni pé alábòójútó ilé ìwé kan tó ń jẹ́ Ramsay ló rí wọn ní 1933. Mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: ta ló ń ṣe ọdún fún àwọn ère yìí kí Ramsay tó dé? Àwọn ará Èsìẹ́ kúkú mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn bàbá wa ní àlejò ni àwọn ère náà tẹ́lẹ̀, pé wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ò tíì lè sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Nígbà tí ọmọ bá rí i pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè jókòó kó ní òun ò mọ̀, ó máa ń yà á lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, tí o bá dé ọ̀dọ̀ Àfọ̀njá, ó ti mọ bí a ṣe ń béèrè.

Ìyá Khadijah · 7:15 àárọ̀

Ta ló máa san owó mọ́tò láti Ìlọrin dé Èsìẹ́? Òbí wo ló sì máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà yẹn lásìkò tí a wà yìí?

Ọmọ Èsìẹ́ · 7:22 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ, mà. Fótò ni mo ń lò fún àwọn ti Ìlọrin. Mo tẹ mẹ́fà ní àwọ̀ ní búkà kọ̀ǹpútà, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, mo pín wọn sí tábìlì. Kí wọ́n wo irun orí wọn, ilà ojú wọn, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sọ́tọ̀. Ìlà méjèèjì kò gbọdọ̀ papọ̀.

Máàmi Sífíìkì · 1:10 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì ni. Gbogbo yín ti dojú kọ Ìtàn, ẹ gbàgbé pé ó béèrè ti ìròyìn náà.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́ọ̀dù. Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 àti wọ́ọ̀dù 193. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ wá mọ wọ́ọ̀dù tí ilé wọn wà àti orúkọ kánsílọ̀ wọn. Iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn rọrùn lójú, àmọ́ ìdajì wọn máa ń padà wá láìrí i. Òbí ò mọ̀, aládùúgbò ò mọ̀. Ọmọkùnrin kan mú orúkọ wá, ó ní bàbá òun ló júwe ilé rẹ̀, òun lọ kan ilẹ̀kùn. Kánsílọ̀ jáde tòun ti ṣòkòtò penpe, ó ní "Ta ló rán ẹ?" Ọmọ ní "Tíṣà mi ni, sà, wọ́n ní kí n bi yín iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe." Ọkùnrin yẹn pè é wọlé, ó fún un ní Fáńtà, ó sì bá a sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà àti ọjà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ Sífíìkì tó dára jù tí mo rí ní ọdún yẹn, èmi kọ́ ni mo sì kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó káńsù. Èmi kì í sọ èrò mi. Mo máa ń kọ nǹkan méjì. Ọ̀kan, ìwé òfin 1999, abala 162, tó ní àpò owó kan ni ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ yóò máa lò pọ̀. Èkejì, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, tó ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, àti pé káńsù tí wọn ò dìbò yàn kò tọ́. Kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Wọ́n á bi ẹ́ pé èwo ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ bi kánsílọ̀.

Àkànní, mo tún rí i níbòmíràn tí o kọ ọ́ pé 1976 ni wọ́n dá Kwara sílẹ̀. 27 oṣù karùn-ún 1967 ni, West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ya Kwara ti 1967, ya Kwara ti ẹ̀yìn 27 oṣù kẹjọ 1991 nígbà tí Kogí jáde tí Bọrgú sì lọ sí Niger. Bi wọ́n pé Adamu Atta, gómìnà tí a kọ́kọ́ dìbò yàn ní 1979, ọmọ ibo ni? Ọmọ Ebira ni, apá Òkéné. Lónìí Òkéné ti wà ní Kogí. Ọmọ tó ń pariwo onílé àti àlejò, jẹ́ kó sọ èwo ni ọkùnrin yẹn.

Alhaji Ọlọ́mọ · 2:33 ọ̀sán

Èmi kì í ṣe olùkọ́, òbí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bó ṣe ń rí nílé. Ní 2019, gbogbo ọmọ ló ń kọ "Ó tó gẹ́", igbe ẹgbẹ́ òṣèlú kan lásìkò ìbò. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ń darí orin náà láàárọ̀, ní ìlà. Bàbá àwọn ọmọ kan wà ní ẹgbẹ́ kejì. Ọmọ mi padà wálé, ó ní olè ni bàbá ọ̀rẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti nọ́sìrì! Ṣé Sífíìkì nìyẹn?

Ẹ kọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ yọ orúkọ ẹgbẹ́ kúrò níbẹ̀.

Máàmi Sífíìkì · 2:50 ọ̀sán

Alhaji, mo gbà pẹ̀lú yín lórí olùkọ́ yẹn, ìyà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè yọ orúkọ ẹgbẹ́ kúrò, sà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé alátakò láìdárúkọ ẹni tó ń tako ẹni? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé orúkọ tí mo bá dá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ti ẹgbẹ́ kejì yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: kí lẹ ṣèlérí, ibo ni ẹ bá a dé? Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga ìbéèrè. Bákan náà, ọmọ tó bá sọ pé "olè ni wọ́n" ní kíláàsì mi, mo máa ń bi í pé ilé ẹjọ́ wo ló sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ wo.

Alhaji Ọlọ́mọ · 2:58 ọ̀sán

Bí gbogbo olùkọ́ bá ń ṣe báyẹn, n kò ní wàhálà. Àmọ́ gbogbo olùkọ́ kọ́.

Tíṣà Ekìtì-Kwara · 5:26 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka èyí láti àná láìdá sí i. Ní ti ajínigbé tí Tíṣà béèrè, ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀, torí ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ya wọ ìjọ kan ní Erúkù lásìkò ìsìn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Nígbà tí a wọlé padà, mo ní àwọn ọmọ tí wọ́n mọ àwọn tí wọ́n kó lọ ní orúkọ. Ìròyìn kọ́ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà n kò mú un wọ kíláàsì, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tó wà ní Ìlọrin mọ̀ pé ó níbi tí "ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí" kò gbọdọ̀ dé. Mo gbọ́ pé olùkọ́ kan níbòmíràn fi fídíò han àwọn ọmọ lórí fóònù rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ wọn ni bí ìròyìn ṣe ń rìn. Fóìsì nóòtì kan jáde lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti wọ ìlú tó kàn wá. Ká tó pajú pẹ́, àwọn òbí ti kún ẹnu géètì. Ìyá kan fa ọwọ́ ọmọ kan, ó sáré títí dé ìsàlẹ̀ ọjà kó tó bojú wẹ̀yìn rí i pé ọmọ ọlọ́mọ lòun mú. Irọ́ ni fóìsì náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo kọ ọ́ sójú pátákó: ta ló sọ ọ́? Ṣé ó dárúkọ ara rẹ̀? Ṣé ó ní òun rí i ni, àbí "wọ́n ní"? Ọjọ́ wo ló gba ohùn yẹn sílẹ̀? Àwọn ọmọ fúnra wọn ló tọpa rẹ̀ láti fóònù ìyá sí ti àǹtí sí gúrúùpù kan tó jẹ́ ti oníṣòwò, wọn ò sì rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń bá àwọn òbí wọn wí nílé.

Máàmi Sífíìkì · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìfaradà, sà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa. Àmọ́ ibì kan wà tí n kò fara mọ́. Bí a bá dákẹ́ pátápátá, ọmọ á rò pé ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí òjò, pé kò sí ẹni tó lè bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìwé òfin, abala 14, sọ ọ́ kedere pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni ohun tó jẹ ìjọba lógún jù. Ẹ má sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà pa ènìyàn, ẹ sọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó dáhùn.

Tíṣà Ekìtì-Kwara · 6:11 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́, mà. Táàmù tó ń bọ̀ ni mo máa dé abala 14. Kì í ṣe nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń gbóná.

Tíṣà Òkè-Odò · 8:40 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tó kù ni pírínsípà. Wọ́n ti ní kí n fò ó. Bí mo bá padà sórí rẹ̀ láì sọ fún wọn, wọ́n á ní mo ṣorí kunkun.

Bàbá Tíṣà (Ọ̀mù-Àrán) · 9:03 alẹ́

Lọ bá wọn lọ́fíìsì, kí o sì mú bàbá ọmọ náà wọ ọ̀rọ̀ yẹn. Sọ fún pírínsípà pé o fẹ́ kí bàbá náà fúnra rẹ̀ wá sọ ìtàn ilé wọn, kí àgbà kan láti ilé kejì náà wá, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ṣe irú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjì ní apá tiwa. Ẹni tó wá jà lọ́fíìsì, inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ìwé sí i pé "ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá kọ́ wa". Ó wọ agbádá wá.

Àkànní Ọ̀fà · 9:12 alẹ́

Bàbá, bí ó bá wá, tí ó sì ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Tíṣà (Ọ̀mù-Àrán) · 9:20 alẹ́

Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a kóró níwájú rẹ̀. Tó bá ti lọ tán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Johnson àti ti àgbà kejì.

Ìyá Khadijah · 9:45 alẹ́

Èmi ṣì rò pé kí o fò ó ló dára jù fún ẹ. Ṣùgbọ́n tí etí rẹ bá ti di, ó kéré tán dáàbò bo ara rẹ. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́sìn nóòtì, ìbéèrè tí o máa bi wọn, orúkọ ìwé tí o máa lò, orúkọ àwọn àlejò. Jẹ́ kí igbákejì pírínsípà tó ń rí sí ẹ̀kọ́ buwọ́ lù ú kí o tó wọ kíláàsì, má ṣe lẹ́yìn tí o bá jáde. Ya fótò ojú ìwé tó buwọ́ lù. Mo ti lo èyí lórí ọ̀rọ̀ hìjáàbù ní 2021, nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pa ní ìlú yìí tí gbogbo ọmọ ń bi mí léèrè. Ìwé tó ní ìbuwọ́lù ló gbà mí.

Sùbáírù Pákátà · 9:51 alẹ́

Ìyá Khadijah, ẹ̀yin tí ẹ ní kó fò ó náà lẹ ò fo ti hìjáàbù!

Ìyá Khadijah · 9:53 alẹ́

Wọ́n bi mí léèrè ni. Kí ni kí n ṣe, kí n di odi?

Tíṣà Òkè-Odò · 10:16 alẹ́

Mo ti ń kọ lẹ́sìn nóòtì náà lọ báyìí. Ère Èsìẹ́ ni mo fi ṣíwájú, àwòrán Balógun mẹ́rin tẹ̀ lé e, Àfọ̀njá àti Àlímì ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn àgbà méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ti kánsílọ̀ máa dúró fún Sífíìkì. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kejì ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà kan nílé wọn bí ìdílé wọn ṣe dé Ìlọrin.

Ọmọ Èsìẹ́ · 10:22 alẹ́

Fi kún un pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bi àti ọjọ́ orí rẹ̀. Mi ò gba "àwọn àgbà ní" lọ́wọ́ ọmọ mi kankan. Kí o sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ìdílé wọn ò tíì pẹ́ níbẹ̀, bí ọmọ ọlọ́pàá àti ọmọ àwọn oníṣòwò Ìgbò ní Tàíwò. Tiwọn máa ń gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, torí àwọn òbí wọn ṣì rántí nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n wọ̀ wá.